Adágún Tí Wọ́n Fi Orúkọ Onígbàjámọ̀ Pè

Ẹ fi àwọn ìwọ̀ yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ènìyàn Ìdóṣẹ̀. Ọ̀la ni ìṣíde, ẹja kò níí sá lọ, omi náà kò sì níí gbẹ kí n tó sọ̀rọ̀ mi tán. Ẹni tó bá ń pọ́n ìwọ̀, kó rọra máa pọ́n ọn. Ẹni tó bá ń wa ekòló, kó wá jókòó sítòsí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án yìí, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí, mi ò sì ní agbára láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi Ọdẹ́rántí ni mò ń sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ mí. Ẹfọ̀n mẹ́rin ni mo ti pa. Ẹkùn kan fi èékánná ya ẹ̀yìn mi, orí awọ rẹ̀ ni mo sì ń jókòó lé di òní. Kò sí igbó kan ní agbègbè yìí tí mi ò tíì sùn nínú rẹ̀. Bí mo bá gbé ìbọn kọ́ èjìká, ẹranko tó bá gbọ́n á ti máa dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀ nísinsìnyí, torí tí mo bá dé àárín ìtàn yìí, kò níí sí ohun tí mo lè fi fọ́nnu mọ́.

Mo rí àlejò mélòó kan láàárín yín, nítorí náà màá ṣàlàyé. Adágún tí ẹ ń wò yìí, gbogbo ìlú ló gbẹ́ ẹ. Àwọn bàbá wa ló dí odò tó ń ti Igbó Olórísun bọ̀, omi sì kún ibí. Kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti ìdílé kankan. Onílé àti àlejò ló lè jókòó sétí rẹ̀ kó ju ìwọ̀ sí i. Àwọ̀n kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, oògùn kò gbọdọ̀ kàn án, ìwọ̀ nìkan ni. Lọ́dọọdún a máa ń tì í fún oṣù kan kí ẹja lè yé ẹyin, lẹ́yìn náà a ó ṣí i. Lọ́jọ́ ìṣíde, gbogbo ìlú ló ń jáde. Bàbá Lánípẹ̀kun tó jókòó síbẹ̀ yẹn ló máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ wọn ẹja, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá sì gùn jù lọ, orúkọ onítọ̀hún ni a ó máa fi pe adágún náà títí di ìṣíde mìíràn. Òfin kan ṣì kù. Tí o bá fi ìwọ̀ tí o yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn pa ẹja, ẹni tó ni ìwọ̀ ló ni ẹja, orúkọ rẹ̀ ni a ó pè, bí àwa ọdẹ náà ṣe máa ń bi ara wa pé ta ló ni ìbọn kí a tó pín ẹran.

Kí ìṣíde èṣí tó dé, ó ti di ọdún mẹ́ta léraléra tí adágún yìí ń jẹ́ Adágún Múfútáù. Ta ni Múfútáù? Onígbàjámọ̀ ni. Ẹ wò ó lọ́hùn-ún yẹn, tó di àpò abẹ rẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kò pa eku rí. Bí adìyẹ bá ń bọ̀ lọ́nà, òun ló máa yà fún un. Ọkùnrin yìí ni ìyàwó mi Àwẹ̀ró ń pè nínú ilé mi láràárọ̀. Á gbé agbọ̀n aṣọ rù, á ní, "Bàbá Morẹ́nikéjì, mò ń lọ fọ aṣọ ní Adágún Múfútáù." Morẹ́nikéjì ọmọ mi á ti Adágún Múfútáù pọnmi dé. Àlejò á kàn mí lójú ọ̀nà, á ní kí n jọ̀ọ́, níbo ni Adágún Múfútáù wà. Mo máa ń na ìka sí i láìsọ̀rọ̀, nítorí fún ọdún mẹ́ta gbáko, mi ò jẹ́ kí orúkọ yẹn jáde lẹ́nu mi. Àwọn kan máa ń sọ pé obìnrin ló ń jowú. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Èmi jowú. Mo jowú débi pé bí mo bá bu omi mu, á há mi lọ́fun. Èyí tó tún burú jù ni pé ọkùnrin náà kò ṣe fọ́ńté. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń fi orí ẹja ránṣẹ́ sílé mi, á ní kí wọ́n kí ẹ̀gbọ́n òun. Mo máa ń jẹ ẹ́. Ó máa ń dùn, ìyẹn náà sì máa ń bí mi nínú.

Bí mo ṣe gbé ìbọn nìyẹn lọ́jọ́ kan tí adágún ṣì wà ní títì, mo ní mò ń lọ sí Igbó Olórísun, ibi tí omi yìí ti ń ṣàn wá. Mo ti gbọ́ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń pín ẹja. Mi ò níí fi ìrìn ọ̀nà dà yín láàmú. Ẹ kàn mọ̀ pé mo sùn sínú igbó, mo jí, mo tún rìn, nígbà tó sì di ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, mo dé ibi tí igi kò ti ní òjìji. Oòrùn ń ràn o, ṣùgbọ́n abẹ́ gbogbo igi mọ́lẹ̀ kedere bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ẹyẹ kankan kò bà lé wọn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo rí ọkùnrin kékeré kan tó fẹ̀yìn ti òkìtì ẹní dúdú. Mo sún mọ́ ọn, àṣé kì í ṣe ẹní. Òjìji àwọn igi náà ni. Ó ti ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìtàkùn dì wọ́n, òjìji ara rẹ̀ ló sì ká sábẹ́ abíyá.

Ó ní, "Ọdẹ, kí ni o gbé dání tó wúwo ju ìbọn rẹ lọ, tí o kò sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí o sinmi lẹ́bàá odò láàárọ̀?"

Mo ní, "Àpò mi ni."

"O sọ àpò rẹ kalẹ̀. Mo rí ọ."

"Orí mi ni, nígbà náà."

"O gbé ìyẹn náà lé gbòǹgbò igi, o sùn."

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní, "Bí kò bá jẹ́ àpò, tí kò jẹ́ orí, orúkọ mi ni. Orúkọ èmi Ọdẹ́rántí wúwo púpọ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "Orúkọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìrẹ. Ẹnìkan tó ń fá orí ni o pọ̀n wá síbí. Ó ti sùn lọ lẹ́yìn rẹ. Máa kọjá, mi kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ ni mo máa ń gba òjìji rẹ̀."

Mo kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi tí mo ti gbé odidi ìgalà lẹ́yìn wọ̀lú láìsinmi, onígbàjámọ̀ ni wọ́n ní mo pọ̀n. Mo ń kùn bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́ ìró omi, mo sì rí ìyá náà.

Inú ìsun ló jókòó sí, omi mù ún dé ìbàdí. Irun rẹ̀ gùn wọnú omi, àwọn ẹja kéékèèké ń wọlé wọ̀de nínú rẹ̀. Ó gbé àtẹ lé orúnkún, ó ń ṣa ẹja lórí rẹ̀ bí àwọn ìyàwó wa ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Á mú ọ̀kan, á wò ó, á ní, "Ìwọ, máa lọ sí adágún," á sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ odò. Á mú òmíràn, á ní, "Ìwọ kò tíì tó," á dá a padà sínú irun. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo pé ọgbọ́n yín lẹ fi ń pa ẹja, ẹ gbọ́ o. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi tí mi ò wólẹ̀ níwájú ẹkùn.

Ìyá náà kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Ta ló rán ọ?"

"Èmi ni mo rán ara mi, mà."

"Kí ni ara rẹ ń wá?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ mi pe adágún wa."

"Bí wọ́n bá fi orúkọ rẹ pè é, ṣé ẹja rẹ̀ á pọ̀ sí i?"

"Rárá, mà."

"Ṣé omi rẹ̀ á dùn ju bó ṣe wà lọ?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá máa yàtọ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti múra ìdáhùn tó dára sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ iyì ọdẹ, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdílé bàbá mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Wọn kò níí pe Múfútáù mọ́."

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú irun rẹ̀, ó fa ẹja àrọ̀ kan jáde. Ẹja náà gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, irùngbọ̀n rẹ̀ nípọn bí okùn. Ó ní, "Bí o bá mú eléyìí, yóò wọ adágún yín lọ́jọ́ ìṣíde, yóò sì wá bá ìwọ̀ rẹ tààrà." Ó wá ṣí ọwọ́ òsì. Ìpẹ́ ẹja kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó funfun, kò ju èékánná lọ. Ó ní, "Bí o bá fi ọwọ́ ara rẹ fún ẹnìkan ní ìpẹ́ yìí, ẹja kankan kò níí jẹ ìwọ̀ tó bá wà lọ́wọ́ ẹni náà mọ́, àfi ọjọ́ tí ìwọ gan-an bá fi ọwọ́ ara rẹ gbà á padà. Ọ̀kan ni o lè mú."

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ti mú ẹja náà, ẹ ti ń gbé e lọ sílé. Èmi náà na ọwọ́ sí i, ìka mi tilẹ̀ kan irùngbọ̀n rẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe fẹ́ dì í mú, mo rí Múfútáù lójú inú mi. Mo rí i tó ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ ìṣíde, ẹja tirẹ̀ tó ṣe ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n." Mi ò lè fara da ẹ̀rín yẹn. Mo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo fẹ́ kí ó mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn jókòó sétí omi kó má ní orúkọ kankan. Mo fi ẹja sílẹ̀, mo mú ìpẹ́.

Ìyá náà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó dá àrọ̀ náà padà sínú irun rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló ti wá síbí ṣáájú rẹ. Kò tíì sí ẹni tó mú ẹja yìí. Mo ti ń bọ́ ọ láti ìgbà ayé bàbá bàbá rẹ, ìdí nìyẹn tó fi tóbi tó bẹ́ẹ̀." Ó tún gbé àtẹ rẹ̀, ó ń ṣa ẹja lọ.

Ó ku bí mo ṣe máa kọjá lára olójìji. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tọ́ sí mi. Mo jókòó sábẹ́ àpáta, mi ò mira, mo ń wo oòrùn títí ó fi dúró ṣánṣán láàárín orí mi, tí òjìji mi wọ abẹ́ ẹsẹ̀ mi lọ. Mo wá bọ́ sójú ọ̀nà, mò ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, mi ò gbé e sókè rárá. Ọkùnrin náà fò dìde, ó wá etí òjìji mi títí kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, kò rí ibi tó máa dì mú. Ó ń rákò tẹ̀ lé mi, ó ń fi èékánná họ ilẹ̀ lẹ́bàá àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ní, "Gbé ẹsẹ̀ kan péré, ọdẹ. Ẹyọ kan." Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ mi lọ. Ó ku bíi ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí n kọjá ààlà rẹ̀ ni gbòǹgbò kan gbé mi lẹ́sẹ̀, gìgísẹ̀ mi ṣí nílẹ̀, ọkùnrin náà sì já òjìji ibẹ̀ gbà. Mo sá. Mo sá, mi ò wẹ̀yìn. Ẹ wò ó, oòrùn ti ń yí báyìí, ẹ lè rí i fúnra yín pé òjìji mi kò ní gìgísẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fi òwú so ìpẹ́ náà, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múfútáù. Mo ní, "Múfútáù, mo rí nǹkan tó dára nínú igbó, mo ní kí n mú un wá fún ọ. Fi sọ́rùn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹríba. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí mi nínú igbó lọ́hùn-ún?" Mo ní òun gan-an ni mò ń rò ní gbogbo ọ̀nà. Òótọ́ ni mo sọ.

Ìṣíde dé. Gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ohun tí ojú mi ń wò. Orí igi wíwó kan náà ni èmi àti Múfútáù jókòó lé. Wọ́n ń fa ẹja lọ́tùn-ún, wọ́n ń fà á lósì, ìwọ̀ Múfútáù kò mira. Inú mi ń dùn bí ẹni tó ń jẹ oyin. Lẹ́yìn náà ni nǹkan fa ìwọ̀ tèmi. Ọdẹ ni mí, ẹ forí jì mí. Agbára tí mo fi ń fa ìgalà nínú tàkúté ni mo fi fa okùn ìwọ̀. Okùn já, ẹja gbé ìwọ̀ mi lọ, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo mú wá sì nìyẹn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lásán, ojú sì ń tì mí. Múfútáù bá na ọ̀pá tirẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ gba tèmi, ẹ̀gbọ́n. Ẹja kò fẹ́ràn mi lónìí."

Mo gbà á. Olúkúlùkù ń wo ìwọ̀ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó rí wa. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí àrọ̀ kan fi gbé e mì. Múfútáù ló ń sọ sí mi létí pé, "Ẹ rọra, ẹ jẹ́ kó sáré, ẹ rọra," bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fa ẹja náà gòkè. Bàbá Lánípẹ̀kun wọ̀n ọ́n, kò sí ẹja tó sún mọ́ ọn. Bàbá wá béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́dọọdún, "Ta ló ni ìwọ̀?" Mo wo Múfútáù. Múfútáù ń wo omi. Mo ní, "Èmi ni mo ni ín."

Ẹ jókòó. Mo ní ẹ jókòó. Bàbá Lánípẹ̀kun, mo bẹ̀ yín, ohun tí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ náà ṣe, ẹ ṣe é lẹ́yìn tí mo bá parí. Àwẹ̀ró, má wò mí bẹ́ẹ̀.

Adágún Ọdẹ́rántí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dùn létí mi. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, kí n kàn lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Múfútáù náà ń pè é. Á gba iwájú ilé mi kọjá, á ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n, Adágún Ọdẹ́rántí ni mo ti ń bọ̀." Kò fi ṣe ẹ̀sín, kò sì lọ́ ẹnu pọ̀. Orúkọ mi rọrùn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Èmi tí mi ò lè pe tirẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mo wá ń jowú ìrọ̀rùn yẹn. Mo ti gba adágún lọ́wọ́ rẹ̀, owú náà kò dín, ńṣe ló kàn wá ibòmíràn jókòó sí. Láràárọ̀ ni Múfútáù ń lọ sí adágún, láràárọ̀ ló ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Orí ẹja ọjọ́ Jímọ̀ dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀, tí kò ní eyín mọ́, tí ẹja rírọ̀ nìkan ń wọ̀ lẹ́nu, ti ń béèrè ohun tó dé.

Oṣù kan sẹ́yìn, lọ́jọ́ tó ṣáájú kí wọ́n tó ti adágún, mo lọ fá orí. Abẹ Múfútáù wà ní ìpàkọ́ mi nígbà tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ mi ti gbó. Ìrọ̀lẹ́ òní ni màá lọ kẹ́yìn. Bí ẹja kò bá jẹ, màá fi ọ̀pá yẹn dáná." Mi ò mọ ohun tó mú mi. Mo ní, "Múfútáù, fún mi ní ìpẹ́ ọrùn rẹ yẹn padà."

Abẹ dúró. Kò béèrè ìdí. Ó tú òwú náà, ó fi ìpẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Mo ti rò pé ẹ kò níí béèrè rẹ̀ láéláé."

Mo ní, "O mọ̀?"

"Mo bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹja kò jẹ síbẹ̀. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo lè bọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ ìwọ̀ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Ó tún gbé abẹ. Ó ní, "Ìyàwó yín dúró níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ yín náà dúró níbẹ̀. Ẹ yí orí sápá ọ̀tún."

Ó fá apá kejì tán, kò fi abẹ gé mi níbì kankan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo tẹ̀ lé e wá síbí. Mo fẹ́ rí i bóyá ìyá inú ìsun sọ òótọ́. Ó ju ìwọ̀, ó jókòó, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí okùn tó mì. Ó rọra fà á, epìyà kékeré kan jáde, kò tó ìka mi yìí. Múfútáù gbé e sókè sí oòrùn, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń pọnmi sáré wá, àwọn obìnrin gbé ẹrù sílẹ̀, wọ́n ń kí i, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó rántí pé mo wà níbẹ̀. Gbogbo omi yẹn ń jẹ́ orúkọ mi, gbogbo ẹnu ìlú ń pè mí, èmi sì dúró lẹ́yìn onígbàjámọ̀ pẹ̀lú orí fífá, mò ń jowú ẹja tí kò tó ìka.